Ìṣirò Tí Ń Gba Ẹ̀mí Abiyamọ Là

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò ju pé kí ó fún aláìsàn ní oògùn, kí ó wẹ ojú ọgbẹ́, kí ó tẹ́ ibùsùn, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ìtùnú gbé ọkàn ẹni tí ara ń ni ró. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé ìṣirò wà lára iṣẹ́ náà, ẹnu a máa yà wọ́n. Wọn a ní, "Kí ni agbẹ̀bí fẹ́ fi ìṣirò ṣe?" Àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn pàápàá a máa rò bẹ́ẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́, wọn a há ìlànà ìwádìí àti sìtátísíìkì sórí nítorí ìdánwò. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá gba ìwé ẹ̀rí, wọn a gbé e jù sẹ́yìn bí ẹrù tí kò wúlò mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìdánwò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Nígbà tí oṣù aboyún bá pé, àdúrà tí tọmọdé tàgbà ilẹ̀ Yorùbá ń gbà fún un ni pé kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní àlàáfíà, kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹni tí ó bá fetí sí àdúrà yìí dáadáa yóò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ewu ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ti yé àwọn baba ńlá. Ohun tí ìwádìí wá fi kún àdúrà náà ni ìbéèrè méjì: kí ni ó ń pa àwọn ìyá tí a kò gbọ́ ohùn wọn mọ́? Nínú gbogbo ohun tí à ń ṣe fún wọn, èwo ni ó ń gbà wọ́n là ní tòótọ́, èwo ni ó sì jẹ́ àṣà lásán? Kò sí bí ènìyàn ti lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí láì kà, láì wọ̀n, àti láì fi ọ̀kan wé èkejì.

Kì í ṣe òní ni nọ́ọ̀sì ti ń ṣe ìṣirò. Florence Nightingale, ẹni tí àwọn nọ́ọ̀sì káàkiri ayé kà sí ìyá iṣẹ́ wọn, ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ àtùpà tí ó ń gbé kiri lóru láàárín àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ní Scutari, ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ọdún 1854 ni ó dé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì tí ó kó lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àtùpà kọ́ ni ó fi yí ọkàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì padà. Ìwé àkójọ iye àwọn tí ó kú àti ohun tí ó pa wọ́n ni. Nígbà tí ó ka iye wọn, ó hàn gbangba pé àrùn tí ìdọ̀tí ń fà pa àwọn ọmọ ogun ju ọta ìbọn lọ. Ó ya iye náà ní àwòrán kí àwọn aláṣẹ lè fi ojú ara wọn rí i. Ní ọdún 1858, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sìtátísíìkì ní London gbà á wọlé. Òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà.

Kí ni sìtátísíìkì yìí gan-an? Ìmọ̀ bí a ti í kó iye jọ ni, bí a ti í ṣírò rẹ̀, àti bí a ti í mọ ohun tí ó ń sọ àti ohun tí kò sọ. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò le. Ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Europe ní nǹkan bí 180 ọdún sẹ́yìn kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan.

Ní ọdún 1846, ẹ̀ka ìgbẹ̀bí méjì ni ó wà ní ilé ìwòsàn ńlá ìlú Vienna, olú-ìlú ilẹ̀ Austria. Àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kìn-ín-ní. Àwọn agbẹ̀bí àti àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí ni ó wà ní ẹ̀ka kejì. Ibà burúkú kan wà tí ń mú àwọn ìyá ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí ó sì ń pa wọ́n. Òkìkí ti kàn ní ìgboro pé ikú pọ̀ ní ẹ̀ka kìn-ín-ní, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aboyún fi ń kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má ṣe gbé wọn lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òkìkí kì í ṣe ẹ̀rí. Dókítà ọ̀dọ́ kan, ọmọ ilẹ̀ Hungary, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ignaz Semmelweis, ni ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wò.

Ohun tí ìwé náà sọ nìyí. Ní ọdún 1846, ìyá 459 ni ó kú ní ẹ̀ka kìn-ín-ní. 105 ni ó kú ní ẹ̀ka kejì. Ẹni tí kò bá kọ́ ìlànà ìwádìí yóò gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Kò tíì parí rárá. Bí obìnrin méjì bá ra ọsàn lọ́jà, tí ọ̀kan ní 20 bàjẹ́ nínú tòun, tí èkejì ní 10 ni ó bàjẹ́ nínú tòun, ta ni ọsàn rẹ̀ burú jù? Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn àfi bí ó bá kọ́kọ́ béèrè iye tí olúkúlùkù rà. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ra 400, tí ẹnì kejì sì ra 50, a jẹ́ pé ọsàn ẹnì kejì ni ó burú. Ìyẹn ni pé iye tí ó bàjẹ́ kò ní ìtumọ̀ títí a ó fi mọ iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Òfin kìn-ín-ní nínú ìṣirò ìtọ́jú aláìsàn nìyí: bí o bá gbọ́ iye àwọn tí ó kú, béèrè iye àwọn tí ó wá.

Ìyá 4,010 ni ó bímọ ní ẹ̀ka kìn-ín-ní ní ọdún náà. 3,754 ni ó bímọ ní ẹ̀ka kejì. Bí a bá fi 4,010 pín 459, tí a sì sọ ohun tí ó jáde di ìlọ́po 100, a ó rí 11.4. Bí a bá ṣe ti ẹ̀ka kejì bẹ́ẹ̀, a ó rí 2.8. Nínú ọgọ́rùn-ún ìyá, ó lé ní 11 tí ń kú lọ́wọ́ àwọn dókítà, nígbà tí àwọn tí ń kú lọ́wọ́ àwọn agbẹ̀bí kò pé 3. Nísinsin yìí ni ènìyàn tó lè sọ pé ìlọ́po mẹ́rin ni ikú ẹ̀ka kìn-ín-ní.

Òfin kejì ni kí àwọn tí à ń fi wé ara wọn jọ ara wọn. Ẹnìkan lè wí pé bóyá àwọn tí ara wọn kò yá tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ sí ẹ̀ka kìn-ín-ní. Rárá o. Ọjọ́ tí aboyún bá dé ni ó ń sọ ẹ̀ka tí yóò wọ̀. Wọ́n ń pín ọjọ́ láàárín ẹ̀ka méjèèjì ni. Olówó kò yan ibì kan, tálákà kò yan ibòmíràn. Nítorí náà, bí ìyàtọ̀ bá wà, ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ka náà ni a gbọ́dọ̀ wádìí.

Semmelweis wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ohun gbogbo wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé èrò tí ó pọ̀ jù ni? Ẹ̀ka kejì gan-an ni èrò ń há mọ́. Ṣé ojú ọjọ́ ni? Ìlú kan náà ni méjèèjì wà. Àlùfáà kan a máa gba ẹ̀ka kìn-ín-ní kọjá pẹ̀lú agogo bí ó bá ń lọ gbàdúrà fún ẹni tí ń kú lọ. Àwọn kan ní ìbẹ̀rù agogo yìí ni ó ń pa àwọn ìyá. Semmelweis bẹ àlùfáà náà kí ó gba ọ̀nà mìíràn láì lu agogo. Ikú kò dínkù. Ó kíyè sí i pé ẹ̀gbẹ́ ni àwọn agbẹ̀bí ń jẹ́ kí ìyá fi lélẹ̀ bí ó bá ń rọbí. Ó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ka tirẹ̀ náà. Ikú kò dínkù. Ìlànà ìwádìí gan-an nìyí: kí ènìyàn ní èrò kan, kí ó dán an wò, kí ó tún ka iye, bí iye bá sọ pé èrò náà kò tọ̀nà, kí ó jù ú nù, ìbáà jẹ́ èrò ọ̀gá pátápátá.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí òun náà jẹ́ dókítà, Jakob Kolletschka, kú. Ọ̀bẹ ni ó gé e nígbà tí wọ́n ń la òkú láti mọ ohun tí ó pa á. Nígbà tí Semmelweis ka ìròyìn ohun tí wọ́n bá nínú ara ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ohun kan náà ni wọ́n ń bá nínú ara àwọn ìyá tí ibà náà ń pa. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé e. Láti yàrá tí wọ́n ti ń la òkú ni àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ tààrà síbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ yẹ aboyún wò. Àwọn agbẹ̀bí kì í la òkú. Ọwọ́ olùtọ́jú ni ó ń gbé ikú kiri.

Ní àárín oṣù Karùn-ún ọdún náà, ó pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tí yóò fọwọ́ kan aboyún kọ́kọ́ fi omi kiloríìnì wẹ ọwọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, kí àṣẹ náà tó jáde, nínú ìyá 312 tí ó bímọ ní ẹ̀ka kìn-ín-ní, 57 ni ó kú. Ní oṣù Kẹfà, nínú 268, 6 ni ó kú. Ní oṣù Keje, nínú 250, 3 péré. Nígbà tí gbogbo ọdún 1848 parí, ìyá 45 ni ó kú nínú 3,556 ní ẹ̀ka kìn-ín-ní, 43 sì kú nínú 3,219 ní ẹ̀ka kejì: nǹkan bí 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní ibi méjèèjì. Ìyàtọ̀ ti pòórá.

Ó yẹ kí gbogbo ayé yọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà kọ̀. Ta ni yóò fẹ́ gbọ́ pé ọwọ́ òun ni ó ń pa àwọn tí òun ń tọ́jú? Semmelweis fúnra rẹ̀ kò tètè kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́nà tí yóò fi yé wọn. Ọdún 1861 ni ìwé rẹ̀ tó jáde, ó sì kú ní ọdún 1865 láì rí i kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láàárín àkókò náà, àwọn ìyá ń kú ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún nọ́ọ̀sì àti dókítà: kí ènìyàn mọ òtítọ́ kò tó, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó ṣàlàyé ọ̀nà tí ó gbà rí i, kí ẹlòmíràn lè dán an wò.

Ìbéèrè kan ṣì kù. Ṣé ní gbogbo ìgbà ni ó tọ́ kí a kàn fi ìgbà tí ó kọjá wé ìgbà tí a mú ohun titun dé? Rárá. Ìyípadà ti Vienna tóbi, ẹ̀ka kejì sì wà nítòsí láti fi wé e, ni kò fi sí iyàn jíjà. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́ọ̀dù kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn ọgbẹ́ titun ní oṣù tí wọ́n gbẹ́ kànga titun, tí nọ́ọ̀sì sì pọ̀ sí i. Bí ọgbẹ́ bá ń tètè san, oògùn ni, àbí omi, àbí ọwọ́ tí ó pọ̀ sí i? Àwọn àgbà ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ti àwọn tí ó lo oògùn nìkan, tí kò gbọ́ ti àwọn tí kò lò ó ní ìgbà kan náà àti ní ibì kan náà, ó ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Bẹ́ẹ̀ ni kò dára kí dókítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹni tí yóò lo oògùn titun. Àánú lè mú kí ó fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ le jù. Ìrètí sì lè mú kí ó fún ẹni tí ó dá a lójú pé yóò yè. Ọ̀nà kan tí kò ní ojúsàájú ni kí a ṣẹ́ gègé. Gègé kò mọ olówó, kò mọ tálákà, kò mọ ẹni tí ara rẹ̀ le tàbí ẹni tí ó ti rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn bá pọ̀ tó, gègé yóò pín ohun gbogbo dọ́gba sí ìhà méjèèjì, ohun tí a mọ̀ àti ohun tí a kò mọ̀.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kan wà tí ilé ìwòsàn ilẹ̀ Nàìjíríà kópa nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tí ń pa abiyamọ jù lọ ní ayé. Láàárín ọdún 2010 sí 2016, ìwádìí kan tí a ń pè ní WOMAN béèrè bóyá oògùn tranexamic acid, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì tún yọ́, lè gba irú ìyá bẹ́ẹ̀ là. Ilé ìwòsàn 193 ní orílẹ̀-èdè 21 ni ó kópa, ìyá tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ sì jẹ́ 20,060. Gbogbo wọn ni ó gba ìtọ́jú tí ó yẹ. Lẹ́yìn èyí, gègé ni ó pín wọn: apá kan gba oògùn náà, apá kejì gba omi lásán tí ó jọ ọ́. Ìyá kò mọ èyí tí ó gbà. Dókítà àti nọ́ọ̀sì kò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá mọ ẹni tí ó gba oògùn lè tọ́jú rẹ̀ ju ẹnì kejì lọ, tàbí kí ojú rẹ̀ máa rí ìyàtọ̀ tí kò sí.

Ní ọdún 2017 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Nínú ìyá 10,036 tí ó gba oògùn, 155 ni ẹ̀jẹ̀ dídà pa. Nínú 9,985 tí kò gbà á, 191 ni ó pa. Èyí jẹ́ 1.5 àti 1.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú. Ṣé kì í ṣe èèṣì ni?

Ibí yìí ni sìtátísíìkì ti wúlò jù lọ. Bí ọmọdé bá ju kọ́bọ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí ojú kan náà sì yọ lẹ́ẹ̀méje, kò sí ẹni tí yóò pè é ní onímàgòmágó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jù ú ní ìgbà 1,000, tí ojú kan náà yọ ní ìgbà 700, gbogbo ènìyàn yóò ní kí ó mú kọ́bọ̀ náà wá kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Bí iye bá ti ń pọ̀ sí i ni agbára èèṣì ń dínkù. Nínú ìwádìí WOMAN, ìṣirò fi hàn pé bí oògùn náà kò bá wúlò rárá fún ẹ̀jẹ̀ dídà, irú ìyàtọ̀ tí ó tó báyìí kò ní í wáyé ju bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn tí ó tètè gbà á kí wákàtí mẹ́ta tó kọjá lẹ́yìn ìbímọ, ìyàtọ̀ náà tún hàn jù bẹ́ẹ̀: 89 ni ó kú ní apá tí ó gba oògùn, 127 ní apá kejì. Nígbà tí wọ́n ka ikú láti ọwọ́ ohun gbogbo pọ̀, 2.3 àti 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni, èyí sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èèṣì fi lè fà á. Àwọn olùwádìí kò fi èyí pamọ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó gbè é àti ohun tí kò gbè é. Ní ọdún 2017 kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí a máa fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ní oògùn náà kí wákàtí mẹ́ta tó pé.

Bí a bá sì ṣírò rẹ̀ lọ́nà mìíràn, a ó rí i pé nǹkan bí ìyá 270 ni yóò gba oògùn náà kí a tó gba ẹ̀mí kan là. Ẹnìkan lè sọ pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n oògùn tí kò wọ́n púpọ̀ ni, ẹ̀mí kan náà sì ní ọkọ, ó ní ọmọ, ó ní ìyá nílé. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo kò lè fi ojú rẹ̀ rí irú àǹfààní yìí láé nínú wọ́ọ̀dù rẹ̀, nítorí igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìgbà tí a kó igi jọ láti ilé ìwòsàn 193 ni igbó tó hàn.

Òfin kẹta ni ìwọ̀n. Bí ọ̀gá nọ́ọ̀sì bá bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ léèrè pé, "Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ìyá yẹn ti pọ̀ tó?" ìdáhùn tí ó sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, mà." Kí ni ìtumọ̀ "kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀"? Obìnrin tí ń ta gàrí ní ọjà kì í fi ojú wọn gàrí. Kóńgò ni ó ń lò, nítorí ó mọ̀ pé ojú ń tan ènìyàn jẹ. Ṣé ó wá yẹ kí a fi ojú lásán wọn ẹ̀jẹ̀ ènìyàn?

Àbájáde ìwádìí E-MOTIVE, tí ó jáde ní ọdún 2023, dáhùn ìbéèrè yìí. Ilé ìwòsàn 80 ní Kenya, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania ni ó kópa, àwọn ìyá tí ó fi ojú ara bímọ níbẹ̀ sì jẹ́ 210,132. Níbí, ilé ìwòsàn ni wọ́n fi gègé pín, kì í ṣe aláìsàn, nítorí nọ́ọ̀sì kò lè máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà kan fún ẹni tí ó wà lórí ibùsùn yìí, kí ó sì gbàgbé ohun tí ó mọ̀ bí ó bá dé ibùsùn kejì. Ní apá kan, wọ́n ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní apá kejì, wọ́n ń tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìyá lẹ́yìn ìbímọ, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sí, tí a sì fa ìlà ìwọ̀n sí lára. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé mìlílítà 500, agbẹ̀bí kò ní í dúró mọ́. Yóò wọ́ ikùn ìyá kí ilé ọmọ lè sún kì, yóò fún un ní oògùn tí ń mú ilé ọmọ sún kì àti tranexamic acid, yóò fa omi sí i lára, yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni yóò ṣe. Kò ní í ṣe ọ̀kan kí ó tó máa wò bóyá kí òun ṣe èkejì.

Níbi tí wọ́n ti ń fi ojú wò, nǹkan bí ìdajì péré ni wọ́n ń mọ̀ nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń dà jù: 51.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí ọ̀rá onílà wà, 93.1 ni wọ́n ń mọ̀. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà kọjá mìlílítà 1,000, tàbí tí wọ́n la ikùn wọn nítorí rẹ̀, tàbí tí ó pa, jẹ́ 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní apá kìn-ín-ní, àti 1.6 ní apá kejì. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àǹfààní náà ni dídínkù ẹ̀jẹ̀ tí ó dà kọjá ààlà. Oògùn inú rẹ̀ kì í ṣe titun. Ìwọ̀n àti ètò ni ó mú kí wọ́n bọ́ sí àkókò.

Ìṣọ́ra mìíràn wà tí olùwádìí gbọ́dọ̀ ní. Bí aláìsàn márùn-ún bá wà ní wọ́ọ̀dù, tí wọ́n lo ọjọ́ 2, 2, 3, 3 àti 30, ìpíndọ́gba ọjọ́ wọn jẹ́ 8. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó lo ọjọ́ 8. Ẹnìkan ṣoṣo tí ó pẹ́ ni ó fa ìpíndọ́gba náà sókè; ẹni tí ó wà ní àárín lo ọjọ́ 3 péré. Nítorí náà, kí ènìyàn tó gba ìpíndọ́gba gbọ́, kí ó kọ́kọ́ wo bí iye náà ti tò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, bí ohun méjì bá ń rìn pọ̀, kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Wọ́ọ̀dù tí àwọn dókítà àgbà ti pọ̀ jù lè jẹ́ ibi tí ikú ti pọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé àwọn tí àìsàn wọn le jù lọ.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ènìyàn ni aláìsàn. Kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹni tí a ó fi ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ mọ̀, ó gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda, ó sì lè kọ̀ láì jẹ́ pé ìtọ́jú rẹ̀ dínkù. Orúkọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ hàn nínú ìròyìn. Ìgbìmọ̀ tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn sì gbọ́dọ̀ ti yẹ ètò náà wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí tí ó tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀ kí ó lè rí òtítọ́ ti pàdánù ìdí tí ó fi ń wá a.

Nọ́ọ̀sì tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí kò nílò owó ńlá láti bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sílẹ̀, tí yóò ní ohun mẹ́rin nínú: àwọn wo ni, kí ni a fẹ́ ṣe fún wọn, kí ni a ó fi wé, kí ni a ó sì kà ní ìparí? Kí ó pinnu ohun tí yóò kà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ìgbà tí iye jáde ni yóò máa wá èyí tí ó dùn mọ́ ọn. Kí ó kọ ti gbogbo ẹni tí ó wá, àti ẹni tí ó yè àti ẹni tí kò yè. Ìwé tí a kọ kìkì ayọ̀ sí ti di irọ́.

Ní òru, nígbà tí ìyá kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tán, tí ó ti rẹ agbẹ̀bí, tí ó kù kí ó kọ àkókò àti iye ẹ̀jẹ̀ sínú ìwé, ó lè dàbí ẹni pé ìwé náà lè dúró di àárọ̀. Kí ó rántí pé irú ìlà kan bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àtijọ́ ni ó jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọwọ́ tí a kò wẹ̀ ń pa ìyá. Láti inú irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ̀ pé wákàtí mẹ́ta ṣe pàtàkì, àti pé ojú kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ìyá tí yóò jẹ àǹfààní ohun tí agbẹ̀bí bá kọ lóru yẹn lè jẹ́ ẹni tí kò tíì lóyún rárá. Àdúrà ni kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Kí agbẹ̀bí kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ bí ó ti rí i gan-an, kí àdúrà náà lè ní ọwọ́ tí yóò fi ṣiṣẹ́.